Ẹran Tó Mú Ọmọ, Tó Fi Bàbá Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá ibi jókòó sí, kí n rò fún yín bí ẹran màlúù kan ṣoṣo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ọ̀rẹ́ mi kúrò ní Adó-Èkìtì, tí èmi ìyàwó wolé-wolé sì ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù.

Ó ti pẹ́ o! Kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà náà, ọkọ̀ tó ń wọ Adó kò tó nǹkan, ẹsẹ̀ ni àwọn màlúù fi ń rìn láti ìhà Ìlọrin títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Ìjan ni mí, ṣùgbọ́n àdúgbò Òkè-Ìlá ni ọkọ mi gba ilé sí nígbà tí ìjọba gbé e wá sí Adó láti máa ṣe iṣẹ́ wolé-wolé.

Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tilẹ̀ mọ wolé-wolé? Òun ni ọkùnrin tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé kakí, tó máa ń yọ sí ilé ẹni láìròtẹ́lẹ̀, tí yóò yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tí yóò tún lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Bí àwọn obìnrin bá ti rí ọkọ mi lókèèrè báyìí, wọ́n á ti máa da omi nù, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni nínú ilé o! Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ kakí yẹn, ẹnu gbogbo àdúgbò á pa mọ́. Èmi náà jẹ nínú ìyà rẹ̀. Bí mo bá yà sí ilé aládùúgbò láti bu iná, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ó ń tẹ̀ lé mi bọ̀.

Ẹni tí kò bẹ̀rù mi ni Ìyá Ráfátù, ìyàwó Sànúsí alápatà. Ará Ìlọrin ni òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ti pẹ́ ní Adó jù wá lọ. Nígbà tí mo bí Jíbọ́lá, àkọ́bí mi, òjò ba ọ̀nà Ìjan jẹ́, ìyá mi ò sì tètè lè dé. Ìyá Ráfátù ló wẹ ọmọ, òun ló fi omi gbígbóná wẹ̀ mí láàárọ̀ àti lálẹ́, òun ló sì ń se ọbẹ̀ gbígbóná wá fún mi. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ-kú-ọjà lásán?

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ Sànúsí kò há rárá. Bó bá gé ẹran fún ọ tán, á na ọwọ́ sí igbá ńlá kan tó wà lábẹ́ àtẹ rẹ̀, á bu ẹran wẹ́wẹ́ lé e fún ọ. Èènì nìyẹn. Oníbàárà tó bá ń rà á déédéé, èènì tirẹ̀ á kún àtẹ́lẹwọ́. Àwọn alápatà yòókù á máa pariwo, Sànúsí á kàn máa rẹ́rìn-ín, àwọn ènìyàn á sì yí i ká.

Gbogbo ènìyàn ló ń gba èènì o, àfi èmi! Ọkọ mi ti fi òfin dè mí. Ó ní òun ló ń lọ sí odò ẹran ní òròòwúrọ̀ láti wo màlúù kí wọ́n tó pa á, òun náà ló ń fi òǹtẹ̀ lu ẹran lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tán. Ó ní bí ìyàwó òun bá tún ń gba ẹran ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ alápatà, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ayé máa pè é. Mo bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí, kò gbọ́. Bí Sànúsí bá ti na ọwọ́ sí igbá báyìí, mà á ti gbé ẹran mi, mà á sì ti kọjú sọ́nà ilé. Ó máa ń dùn mí wọra! Obìnrin wo ni kì í fẹ́ èènì?

Bọ́ràn ṣe wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí oòrùn ń mú bí iná. Gbogbo wa la ra ẹran lọ́wọ́ Sànúsí nítorí ọbẹ̀ iyán ọjọ́ Ìsinmi. Kí ìsìn àárọ̀ ọjọ́ kejì tó parí, àwọn kan ti ń sáré gbé ọmọ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru! Nígbà tí oòrùn fi máa tàn sí àárín ọ̀run, a ti ń gbúròó pé nílé báyìí, ọmọ méjì ti dùbúlẹ̀, nílé tọ̀hún, ìyá àti ọmọ ni.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni ti Ìyá Adéọlá, obìnrin oníyọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ó ṣe òun fúnra rẹ̀, ó sì ṣe Adéọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa eyín dà. Ìyá gbádùn díẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọmọ kò gbádùn. Ojú rẹ̀ wọlé, ètè rẹ̀ gbẹ, bí wọ́n bá fún un lómi, kò ní pẹ́ tí yóò fi bì í. Mo wò ó lórí ẹní, ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé Jíbọ́lá mọ́ àyà, n kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ní àgbàlá yẹn.

Àwọn kan ní onígbáméjì ti dé. Ọkọ mi lọ wo odò, ó lọ wo kànga, ó béèrè ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń pọnmi. Omi wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ Sànúsí ni wọ́n ti ra ẹran.

Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dàgbà láàárín ọjà? Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ẹran rẹ̀ kò dára. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti ní òkú ẹran ni, pé màlúù náà ti kú sọ́nà kí wọ́n tó wọ́ ọ dé odò ẹran tí Sànúsí fi ọ̀bẹ kàn án lọ́rùn. Ẹ wo irú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Mùsùlùmí! Àwọn àgbà àdúgbò ránṣẹ́ sí Sànúsí pé kó má pa màlúù mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Wọ́n ní bí ọmọ Ìyá Adéọlá bá kú, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Ọkọ mi jókòó sílé, kò lè jẹun. Ojú rẹ̀ ni màlúù yẹn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ odò ẹran. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo imú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á, ó la ẹ̀dọ̀ àti fùkù wò, gbogbo rẹ̀ dán, kò sí egbò, kò sí aràn, ló bá lu òǹtẹ̀. Àwọn ènìyàn sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó dájú pé alápatà ti bá wolé-wolé sọ̀rọ̀ ní kọ́lọ́fín. Àwa tí a kì í gba èènì!

Ìyá Ráfátù wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò sunkún. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé Adó ò ní lé wọn. Ó gbójú sókè.

“Ìyá Jíbọ́lá, kì í ṣe pé a máa lọ ló ń dùn mí. Ibi tí a ti wá, ọ̀nà ibẹ̀ kò tíì dí. Orúkọ tí a máa gbé lọ ni. Ìlú wo ló máa jẹ́ kí alápatà tó pa òkú ẹran tẹ́ àtẹ síbẹ̀ mọ́?”

Mo bu omi fún un mu.

Nígbà tó lọ tán ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Àwa náà jẹ nínú màlúù yẹn! Ọ̀pọ̀ ẹran itan ni mo rà, ọkọ mi jẹ, mo jẹ, Jíbọ́lá pàápàá jẹ wẹ́wẹ́ nínú ọbẹ̀. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ tilẹ̀ kùn. Báwo ni màlúù kan ṣe máa bá àwọn kan jà, tí á wá fojú fo àwa?

Mo tún rántí nǹkan mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí Bàbá Adéọlá tó ń gbé ọkọ́ lọ sóko, ara rẹ̀ le koko. Ẹ̀yin ará, ta ló ń jẹ ẹran tó tóbi jù nínú ilé nígbà yẹn? Ṣé ọmọ ni, àbí ìyá? Bàbá ni! Bí ẹran bá ní májèlé nínú, bàbá ló yẹ kó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní òun náà ti lọ béèrè nílé wọn, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: a se é jinná, sà, a fọ ọwọ́ wa, sà, ilé wa mọ́, sà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ló máa sọ òótọ́ fún kakí? Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo pọn Jíbọ́lá, mo gbé abọ́ ẹ̀kọ dání, mo lọ kí àwọn aláìsàn. Bí mo bá dé ilé kan, n kò ní béèrè nǹkan kan. Mà á wọ ilé ìdáná, mà á bá wọn bó iṣu, mà á bá wọn ṣa ẹ̀fọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn tán, mà á wá máa béèrè pé ta ló jẹ kí ni, báwo ni wọ́n ṣe sè é. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń sọ ṣáá. Wọ́n ní ọbẹ̀ hó dáadáa, ó hó títí ẹran fi rọ̀. Gbogbo ibi tí mo yà, ọmọ ló dùbúlẹ̀, tàbí obìnrin tó dáná. Àwọn bàbá wà lóko.

Ilé kan wà ní ìsàlẹ̀ Òkè-Ìlá níbẹ̀, tí ìyá àgbà kan ti ń tọ́jú ọmọọmọ rẹ̀. Mo sọ fún ìyá yìí pé ọbẹ̀ yẹn mà burú o, tó fi lè ṣe ọmọ báyìí. Ìyá àgbà wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n.

“Ọbẹ̀ kẹ̀? Ọmọ yìí kò dé ìdí ọbẹ̀. Èènì tí ìyá rẹ̀ sun lẹ́nu uná ló jẹ, ló bá sùn lọ.”

Èènì!

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé ìdáná tó ń fi igi dáná, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹran èènì kì í sábàá wọ ọbẹ̀. Wẹ́wẹ́ ni. Bí ìyá bá ti ń gbé ìkòkò kaná, ebi á ti máa pa àwọn ọmọ, wọ́n á ti tò yí i ká. Á mú èènì yẹn, á rọra fi sẹ́nu iná, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, bó bá ti ń ta sọ̀ọ̀ báyìí, wọ́n ti ń gbà á jẹ. Ìta rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ á ṣì pupa. Ìyá náà á ju ọ̀kan sẹ́nu. Bàbá ńkọ́? Bàbá kò sí nílé, bó bá sì wà nílé, kò ní bá ọmọ du èènì. Ẹran ńlá tó ti hó nínú ọbẹ̀ ló ń dúró dè.

Mo padà gba gbogbo ilé tí mo ti dé. Ẹ wá wo bí àwọn obìnrin yìí ṣe ń rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní, ẹ̀n, wọ́n sun èènì. Wọ́n ní èmi ò béèrè èènì, ẹran ni mo béèrè. Lójú wọn, ohun tí ènìyàn ò sanwó lé kì í ṣe ẹran tó rà. Òótọ́ sì ni, èmi pàápàá ì bá má rántí rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ oníbàárà Sànúsí jù, tí Sànúsí fẹ́ràn jù, òun náà ni àìsàn mú jù. Ìyá Adéọlá sọ fún mi pé èènì tòun ọjọ́ náà kún ọwọ́ méjèèjì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Mo rò ó fún ọkọ mi. Ó ní òun kò ronú kan èènì rí, nítorí òun kò jẹ́ kó wọ ilé òun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ wolé-wolé, nípa kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ó ní wọ́n ń gbé inú ìfun màlúù, wọn kì í sì í ṣe màlúù fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Nítorí náà màlúù lè le, kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dán, kí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, síbẹ̀ kí ohun tó ti inú ìfun rẹ̀ jáde ba ẹran jẹ́. Iná ló ń pa wọ́n, bí ẹran bá hó dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo da ìbéèrè bò ó! Bí ojú kò bá lè rí wọn, ta ló wá rí wọn? Ó ní àwọn onímọ̀ ní dígí alágbára tí wọ́n fi ń wò wọ́n. Wọ́n tóbi tó kí ni? Ṣé wọ́n lẹ́sẹ̀? Ṣé wọ́n ń sùn? Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ bóyá wọ́n ń sùn, kí n jẹ́ kí òun sùn. Ní àárọ̀, mo mú dígí tó fi ń kàwé, mo gbé e lé orí ẹran kan nínú oòrùn, mo wò ó títí omi fi ń jáde lójú mi. Eṣinṣin nìkan ni mo rí.

A lọ bá Sànúsí nídìí àtẹ rẹ̀. Àtẹ gbẹ, kò sí ẹran, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wá láti òwúrọ̀, kó má fi nǹkan kan pa mọ́. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ kan náà tó fi la ikùn màlúù, tó fi gé ìfun, òun náà ló fi ń gé ẹran. Ohun tó bá já wẹ́wẹ́ nígbà tó ń tú màlúù, ọ̀rá díẹ̀, awọ díẹ̀, etí ìfun, etí ẹran, inú igbá èènì ló ń jù ú sí láti ìdájí. Níbẹ̀ ni yóò wà títí di ọ̀sán, nínú ooru, kí ó tó kan ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ọkọ mi gbé igbá náà sókè. Inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán fún ọ̀rá. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Sànúsí ní wọn kì í fọ̀ ọ́. Bàbá rẹ̀ ló fún un, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ pé a máa ń nu igbá èènì ni, a kì í da omi sí i, kí oríire ọjà má baà bá omi lọ.

Mo retí pé kí ọkọ mi jágbe, ṣùgbọ́n kò jágbe. Èmi ni mo ní kí a dán an wò. Alápatà mìíràn pa màlúù lọ́jọ́ kejì, a ra ẹran itan díẹ̀. Mo se ọ̀bẹ kan nínú omi tó ń hó, mo fi gé ẹyọ kan, mo fi sínú abọ́ tí mo ti fi omi gbígbóná ṣàn, mo dé e. Sànúsí fi ọ̀bẹ tirẹ̀ gé ẹyọ kejì, ó yí i nínú igbá èènì, a fi sínú abọ́ kejì, a dé òun náà. A gbé méjèèjì sínú ilé ìdáná mi. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí! Mo ṣí abọ́ kejì, gbogbo wa sún sẹ́yìn. Ti abọ́ àkọ́kọ́ kò tíì rùn rárá. Ọkọ mi kìlọ̀ fún wa pé òórùn nìkan kọ́ ni ẹ̀rí, pé kòkòrò tó ń ṣeni le jù lè má rùn. Ṣùgbọ́n Sànúsí ti dorí kodò.

Nígbà tó lanu sọ̀rọ̀, inú ń bí i. Ó ní ṣé ohun tí òun ń fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ló wá ń pa wọ́n? Ó ní bí òun bá dá èènì dúró, ahun ni wọ́n máa pe òun, àwọn tó kù nínú oníbàárà òun á sá lọ. Ọkọ mi ní kó má dá a dúró. Kó máa gé e lára ẹran tí oníbàárà ń rà, lójú ẹsẹ̀. Ìyá Ráfátù ló sọ pé òun yóò máa ta ìfun àti ṣàkì lọ́tọ̀, lórí àtẹ tirẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀. Káfíńtà kan kan àpótí tí a fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bò lójú, kí eṣinṣin má lè wọlé. Wọ́n gbé ìkòkò omi kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, tí ọ̀bẹ á máa wọ inú rẹ̀. Sànúsí fúnra rẹ̀ ló gbé igbá bàbá rẹ̀ lọ sílé, ó ní kí ìyàwó òun máa fi kó ẹ̀wù sí.

Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà wa, Adéọlá kò kú. Àwọn tó wà ní dìsípẹ́nsárì fún un lóògùn, ìyá rẹ̀ ń fi omi ògì tó níyọ̀ díẹ̀ kán an lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi padà jáde. Ọjọ́ tí mo rí i tó dìde jókòó tó ń béèrè iyán, mo bú sẹ́kún nílé onílé!

Àwọn àgbà gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n ní kí Sànúsí padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà lè ní kí o ta ẹran, wọn ò lè ní kí ará ọjà rà á. Ní òwúrọ̀ tó kọ́kọ́ tẹ́ àtẹ padà, àwọn obìnrin dúró lókèèrè, wọ́n ń wo àpótí nẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni ń wo òyìnbó. Àwọn kan ń fi ẹnu yọ ṣùtì. Kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Mo fẹ́ lọ rà, ọkọ mi fà mí lọ́wọ́, ó ní bí ìyàwó wolé-wolé bá kọ́kọ́ rà á, wọ́n á ní a ti mọ ara wa tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Oòrùn ń gòkè. Ìyá Ráfátù ń lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí Ìyá Adéọlá. Ó fa Adéọlá lọ́wọ́, ọmọ náà ti rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn. Ó lọ tààrà sí iwájú àtẹ, ó ní kí Sànúsí gé ẹran itan fún òun. Sànúsí mú ọ̀bẹ jáde nínú omi gbígbóná, ó gé e, ó fi ewé gbòdògì wé e, ó nà án sí i. Kò wo ojú rẹ̀. Ó gba owó, ó sì ń retí kí obìnrin náà máa lọ.

Kò lọ.

“Èènì mi dà?”

Sànúsí wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sábẹ́ àtẹ, síbi tí igbá máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó dá a padà. Ó ní, ìyá, mo rò pé ẹ ò ní fẹ́ ẹ mọ́.

“Ọmọ mi fẹ́ ẹ. Gé e níbi tí o ti gé ti ìṣáájú. Mo máa sè é ní ulé, ó máa hó kó tó jẹ ẹ́.”

Ó tún ti ọ̀bẹ bọ inú omi tó ń hó, ó gé ẹran lára itan kan náà, ó tóbi ju èènì tó máa ń fún ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí Ìyá Adéọlá gbà á, Sànúsí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sì fi pa mọ́ pé ẹkún ni. Àwọn tó dúró lókèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́, obìnrin kan, lẹ́yìn náà òmíràn, nígbà tó sì yá, n kò rí Sànúsí mọ́ láàárín wọn, ohùn Ìyá Ráfátù nìkan ni mò ń gbọ́ tó ń ní kí wọ́n má ti ara wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tó ń fúnni ní nǹkan tọkàntọkàn lè má mọ ohun tó bá ẹ̀bùn rẹ̀ wọlé, ẹni tó ń gbà á náà kò sì ní ronú láti wò ó, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa wo ọ̀bẹ, ẹ máa wo igbá, ẹ jẹ́ kí ẹran hó dáadáa, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ rà tàbí èyí tí wọ́n fi kún un. Kí ẹ tó pe ènìyàn ní òṣìkà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí olúkúlùkù jẹ, kí ẹ sì béèrè ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Ní tèmi, títí ọkọ mi fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, n kò jẹ èènì alápatà kankan. Mo sì ń bínú sí i!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ní ìlú tiyín, ta ló máa ń jẹ èènì ẹran, ibo ni wọ́n sì ti ń sè é? Ṣé ohun kan ti ṣe yín rí tí gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀tá ló fà á, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù ló ti wá? Ẹ sọ ọ́ fún wa, etí mi ò tíì di.